Wes Moore, gómìnà Maryland: ìtàn tó gbé e débẹ̀ àti iṣẹ́ tó bá níbẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ti ń tẹ̀lé ìròyìn Amẹ́ríkà láti ọdún tó kọjá, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ orúkọ Wes Moore, gómìnà ìpínlẹ̀ Maryland. Lónìí Trump ń bú u lórí Truth Social, ìkànnì ayélujára tí Trump dá sílẹ̀, lọ́la àwọn kan ń sọ pé òun ló máa du ipò ààrẹ lọ́dún 2028 bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ti ní òun ò dù ú, lọ́tùn-únla àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ gan-an ló ń bínú sí i torí àbá òfin tó kọ̀ tí ò buwọ́ lù. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an o, torí Maryland wà lára ibi táwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, láti Hyattsville dé Lanham, Bowie, Laurel, títí lọ dé Randallstown àti Owings Mills lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baltimore. Tọ́mọ ẹ bá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀, tí wọ́n bá ń yọ owó orí nínú owó iṣẹ́ ẹ níbẹ̀, tó o bá ń wakọ̀ gba ọ̀nà Baltimore lọ síbi iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí ń kàn ẹ́ lójoojúmọ́.

Nǹkan tí mo fẹ́ ká jọ wò ni pé ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ làwọn èèyàn ń wò jù. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ń kọrin ìtàn náà, àwọn tí ò fẹ́ràn ẹ̀ ń wá ibi tí ìtàn náà ti jò, bẹ́ẹ̀ gómìnà tó ti lo ju ọdún mẹ́ta lọ lórí àlééfà, iṣẹ́ ẹ̀ ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ téèyàn ò bá mọ ìtàn náà, kò ní yé e ìdí tí ariwo fi pọ̀ tó báyìí, torí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

October 15, 1978 ni wọ́n bí Westley Watende Omari Moore ní Takoma Park, ìlú kékeré kan tó fara kan Washington DC. Oníròyìn ni bàbá ẹ̀ tóun náà ń jẹ́ Wes Moore. Jàmáíkà ni wọ́n bí ìyá ẹ̀, Joy, sí, àwọn òbí ẹ̀ ló gbé e wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Ní oṣù April 1982, nígbà tọ́mọ yìí ò tíì pé mẹ́rin, ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá ẹ̀, ó lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n ní kó padà sílé lọ sùn. Àṣé kì í ṣe ọ̀fun dídùn lásán. Epiglottitis ni wọ́n ń pe àìsàn náà, ìyẹn ni pé awẹ́ ẹran kékeré tó máa ń bo ọ̀nà èémí nígbà téèyàn bá ń gbé oúnjẹ mì ló wú, tó wá dí ọ̀nà atẹ́gùn pa. Inú ilé ló ti ṣubú lulẹ̀, kí wọ́n tó gbé e padà dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀pa ò bóró mọ́. Gómìnà yìí ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tóun rántí nípa bàbá òun ò tó nǹkan.

Ìyá náà wá di opó pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Nígbà tó yá ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ ní Bronx, New York, bàbá àgbà yẹn pásítọ̀ ni, ìyá àgbà sì ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Bronx ìgbà yẹn, láàárín ọdún 1984 sókè, oògùn crack ti ń gba àdúgbò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Joy ò fẹ́ kọ́mọ ẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò, ó fi wọ́n sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó wọ́n, Riverdale Country School, ó wá ń fi iṣẹ́ lé iṣẹ́ kówó lè pé. Ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n lóore nígbà yẹn. Ó ń sá kíláàsì, máàkì ẹ̀ ń já wálẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ọlọ́pàá ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́ torí wọ́n ká a níbi tó ti ń fi páìǹtì kọ nǹkan sára ògiri.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn ìtàn yìí jù nìyí, torí ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá máa dá a mọ̀. Ìyá yìí ti ń halẹ̀ mọ́ ọn tipẹ́ pé òun máa kó o lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ṣójà, ọmọ náà ń fi rẹ́rìn-ín, nígbà tó wá dójú ẹ̀, Joy ò lówó ẹ̀, làwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà bá yọ owó tí wọ́n ti kó sórí ilé wọn ní Bronx, owó ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n kó o sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́ ní Valley Forge Military Academy ní Pennsylvania. Ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbìyànjú láti sá lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn tí wọ́n jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún un ní bébà kan tó ya ọ̀nà sí, pé kó tẹ̀ lé e títí tó fi máa dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, inú ọmọdé yìí dùn, ó gbéra, ló bá bá ara ẹ̀ nínú igbó ṣíṣú tí ò mọ ibi tó ń lọ, àwọn tó rán an níṣẹ́ àṣírí ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà kó pe ìyá ẹ̀ lálẹ́ yẹn, ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá mú òun lọ. Ìyá ẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé èèyàn púpọ̀ ti fi nǹkan ńlá sílẹ̀ kó tó lè wà níbẹ̀.

Látibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ó ṣe tán ní Valley Forge lọ́dún 1998, ó di second lieutenant nínú Army Reserve, ó lọ sí Johns Hopkins ní Baltimore, ó gboyè níbẹ̀ lọ́dún 2001, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes tó gbé e lọ sí Oxford ní ìlú ọba. Ó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ lọ sójú ogun ní Afghanistan, 2005 sí 2006, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun 82nd Airborne. Nígbà tó dé, wọ́n mú un sí White House Fellow, ètò tó ń mú àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn àgbà nínú ìjọba Amẹ́ríkà, ó bá Condoleezza Rice tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà báńkì Citigroup, lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ tiẹ̀ fáwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yunifásítì, lẹ́yìn náà láti 2017 sí 2021 ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Robin Hood, àjọ ńlá kan ní New York tó ń gbógun ti ìṣẹ́.

Àmọ́ ohun tó sọ ọ́ di ẹni táráyé mọ̀ ni ìwé kan tó kọ lọ́dún 2010. Nígbà tí ìwé ìròyìn Baltimore ń kọ nípa Rhodes tó gbà, ìwé ìròyìn kan náà ń kọ nípa àwọn kan táwọn ọlọ́pàá ń wá torí wọ́n jalè ní ṣọ́ọ̀bù góòlù ní oṣù February 2000, tí wọ́n sì pa ọlọ́pàá kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Wes Moore. Baltimore kan náà ni wọ́n wà nígbà yẹn, ọjọ́ orí wọn ò jìnnà síra, bàbá ò sí nílé àwọn méjèèjì. Wọ́n dá tọ̀hún lẹ́wọ̀n gbére. Ẹni tó wá di gómìnà yìí kọ lẹ́tà sí i lẹ́wọ̀n, ó ń lọ kí i, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún ọdún mélòó kan, ibẹ̀ ni ìwé náà ti jáde.

Ìwé yẹn náà ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́yìn èèpo ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí bíi pé Baltimore ni wọ́n ti bí i tí wọ́n ti tọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ Takoma Park àti Bronx ni, ìgbà tó ti dàgbà díẹ̀ ni ìyá ẹ̀ tó kó lọ sí ìtòsí Baltimore. Nígbà tó ń du gómìnà ní 2022 àwọn alátakò ẹ̀ gbé e jáde. Ní oṣù August 2024 New York Times tún gbé òmíràn jáde, pé nínú fọ́ọ̀mù White House Fellow tó kọ ní 2006, ó ní wọ́n ti fún òun ní àmì-ẹ̀yẹ Bronze Star, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fún un. Àlàyé ẹ̀ ni pé ọ̀gá òun lójú ogun ló ní wọ́n ti fi orúkọ òun ránṣẹ́ tó ní kóun kọ ọ́ síbẹ̀, pé àṣìṣe tí kò ní ẹ̀tàn nínú ni, àti pé ó yẹ kóun ti tún un ṣe. Àwọn ológun wá fún un ní Bronze Star náà lóòótọ́ ní oṣù December 2024. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n bi í, ó sì yẹ kó dáhùn, torí ẹni tó fi ìtàn ara ẹ̀ tọrọ ìbò, àwọn èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìtàn náà wò fínnífínní. Síbẹ̀, Afghanistan tó lọ kì í ṣe irọ́, Oxford kì í ṣe irọ́, bàbá tó kú kì í ṣe irọ́.

Ìdìbò 2022 wá. Kò dupò òṣèlú kankan rí láyé ẹ̀. Nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat, ó bá àwọn àgbà òṣèlú bíi Tom Perez tó ti ṣe mínísítà iṣẹ́ lábẹ́ Obama du ú, ó sì wọlé. Oṣù November, ó na Dan Cox ti Republican pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 64 nínú ìdá 100 ìbò. Igbákejì ẹ̀, Aruna Miller, Hyderabad ní Íńdíà ni wọ́n bí i sí. January 18, 2023 ni wọ́n búra fún un ní Annapolis, ó di gómìnà kẹtàlélọ́gọ́ta ní Maryland, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹnì kẹta péré nínú gbogbo ìtàn Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ìbò yàn sípò gómìnà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, lẹ́yìn Douglas Wilder ní Virginia àti Deval Patrick ní Massachusetts. Lọ́jọ́ náà kó tó búra, ó kọ́kọ́ lọ sí èbúté Annapolis, níbi tí wọ́n ti ń já àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ láyé àtijọ́, ó fi òdòdó síbẹ̀. Bíbélì tó fi búra, ti Frederick Douglass ni, ọkùnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Maryland yẹn náà tó sá lọ, tó wá di ọ̀kan lára àwọn ohùn tó le jù lórí ìtúsílẹ̀ àwọn ẹrú. Ẹni tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ò bá wọ̀ lára, mi ò mọ ohun tó lè wọ̀ ọ́ lára.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Gómìnà Amẹ́ríkà kì í retí owó ìdá oṣooṣù láti Abuja wọn. Ìpínlẹ̀ ló ń gba owó orí tiẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́, òfin Maryland sì ní bọ́jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dọ́gba, kò gbọdọ̀ ná ju owó tó ń wọlé lọ. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ gómìnà, National Guard ìpínlẹ̀ náà wà lábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ kọ́ńtíráàtì ńlá kò lè dá fún ẹnikẹ́ni, Board of Public Works ló ń fọwọ́ sí i, èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gómìnà, comptroller tí wọ́n dìbò yàn lọ́tọ̀, àti akápò táwọn aṣòfin yàn. Tí méjì bá ti kọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Wàyí o, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ rọrùn fún un torí owó wà ní àpò ìjọba. Ó fọwọ́ sí òfin tó mú kí owó iṣẹ́ tó kéré jù di dọ́là 15 ní wákàtí kan láti January 2024, ó dá ètò kan sílẹ̀ fáwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì láti fi ọdún kan sin ìpínlẹ̀ pẹ̀lú owó, ó sì jí ọkọ̀ ojú irin Red Line ní Baltimore dìde lórí bébà, èyí tí gómìnà Larry Hogan tó ṣáájú ẹ̀ ti wọ́gi lé ní 2015.

Lẹ́yìn náà ni alẹ́ March 26, 2024 dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa torí ọ̀pọ̀ rí fídíò ẹ̀ àmọ́ wọn ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Dali, tó ń kó kọ̀ńténà, tó gùn tó nǹkan bí mítà 300, ó kúrò ní èbúté Baltimore lẹ́yìn agogo méjìlá òru. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé afárá Francis Scott Key, iná pa nínú ọkọ̀ náà. Iná dé, ó tún pa. Ọkọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ò ní iná, kò sí ẹni tó lè darí ẹ̀. Awakọ̀ tó ń tọ́ ọkọ̀ náà sọ́nà ké gbàjarè lórí rédíò, àwọn ọlọ́pàá èbúté gbọ́, wọ́n dènà mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ. Mọ́tò dúró. Àmọ́ èèyàn mẹ́jọ wà lórí afárá náà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń di ihò títì lóru káwọn yòókù lè rí ọ̀nà rìn láàárọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá ń sọ lórí rédíò pé tẹ́nì kejì bá ti dé láti dúró síbi tóun wà, òun máa wakọ̀ lọ pè wọ́n kúrò. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán pẹ́ tí ẹlòmíì fi ké pé gbogbo afárá ti wó. Mẹ́fà nínú wọn kú. Mexico, Guatemala, Honduras àti El Salvador ni wọ́n ti wá, àwọn tó wá wá iṣẹ́ bíi tiwa ni gbogbo wọn. Oṣù May ni wọ́n tó rí òkú ẹni tó kẹ́yìn.

Afárá yẹn ti wà láti 1977, mọ́tò tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́ ju 30,000 lọ. Ìwó ẹ̀ dí ẹnu èbúté Baltimore pa, èbúté tí wọ́n ń kó mọ́tò gbà wọ Amẹ́ríkà jù nígbà yẹn nìyẹn, ọ̀pọ̀ mọ́tò táwọn èèyàn wa ń fi ránṣẹ́ sí Èkó àti Cotonou ló ń gba ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù jókòó sílé. Níbí ni mo ti rò pé Moore ṣiṣẹ́ tó yẹ ká fi rántí ẹ̀, torí June 10, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá péré, wọ́n ti kó gbogbo irin kúrò lódò, ọ̀nà omi ti là padà pátápátá, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun nìkan o, ológun Amẹ́ríkà tó ń bójú tó odò, ìjọba Biden àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ṣe é ni. Ní December 2024 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbà pé ìjọba àpapọ̀ ló máa san gbogbo owó àtúnkọ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni pé nígbà yẹn wọ́n sọ fáráàlú pé dọ́là bílíọ̀nù 1.7 sí 1.9 ló máa ná wọn, tí wọ́n á ṣí i ní 2028. November 2025 wọ́n ní rárá o, bílíọ̀nù 4.3 sí 5.2 ni, ìparí 2030 ni wọ́n máa tó ṣí i. Ìpínlẹ̀ ní ọjà ló wọ́n, pé afárá tuntun máa ga, òpó ẹ̀ sì máa ní ààbò tó lágbára lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá ayé ìsinsìnyí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iye tó fẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún méjì kì í ṣe nǹkan kékeré, Trump náà sì ti dún mọ̀huru-mọ̀huru pé òun lè tún ọ̀rọ̀ owó náà rò. Nínú oṣù November kan náà, àjọ NTSB tó ń wádìí jàǹbá ní ohun tó pa iná ọkọ̀ Dali ò ju wáyà kan ṣoṣo tí ò wọlé dáadáa lọ, lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni ò jẹ́ kó wọlé débi tó yẹ. Lébẹ́ẹ̀lì lásán!

Ìkejì tí mo fẹ́ ká wò ni ọ̀rọ̀ igbó mímu (marijuana). Maryland dìbò ní 2022 pé kí àgbàlagbà lè máa ra igbó lófin, ó bẹ̀rẹ̀ ní July 1, 2023. Ìbéèrè wá ni pé ẹni tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀daràn torí igbó díẹ̀ tó wà lápò ẹ̀ ní 1995 ńkọ́, nígbà táwọn olówó ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù igbó báyìí? June 17, 2024, Moore buwọ́ lu ìdáríjì fún ẹjọ́ tó ju 175,000 lọ, àwọn tó kàn tó nǹkan bí 100,000. Kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́wọ̀n torí kò sí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lórí irú ẹ̀sùn kékeré yẹn mọ́, àmọ́ àkọsílẹ̀ yẹn ló ń dí èèyàn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń wá iṣẹ́ tàbí ilé. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ò tíì di ọmọ onílẹ̀, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o: lójú òfin Immigration, ìdáríjì gómìnà kì í pa ẹ̀sùn oògùn olóró rẹ́. Tírú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́rùn ẹ rí, tó o ní green card, má wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, má sì fi fọ́ọ̀mù citizenship ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ bá lọ́yà Immigration sọ̀rọ̀.

Owó ló wá dé. Ọdún 2025, àpò ìjọba jò tó nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Àwọn kan ní Moore ló ná an, òun ní Hogan ló fi gbèsè pamọ́ sábẹ́ owó kòrónà tí ìjọba àpapọ̀ kó wá, òótọ́ wà lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì torí òfin ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní Blueprint ti wà kó tó dé, owó ẹ̀ sì ń pọ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n gé ìnáwó, wọ́n sì fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.6 kún owó orí àti owó ìwé. Àwọn tó ń gba ju 500,000 dọ́là lọ́dún ló ru tó pọ̀ jù nínú owó orí tuntun náà, èyí ò kan púpọ̀ nínú wa, àmọ́ wọ́n fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sórí iṣẹ́ IT àti data láti July 2025, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá kọ́ńpìnnì IT kékeré sílẹ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Mo rò pé èyí ò dáa tó, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ IT lè kó ọ́fíìsì ẹ̀ kọjá odò Potomac lọ sí Virginia láìpàdánù kọ́sítọ́mà kan. Nínú oṣù May, Moody's, ilé-iṣẹ́ tó ń díwọ̀n bí ìjọba ṣe lè san gbèsè ẹ̀ tó, já ìpínlẹ̀ náà kúrò ní Aaa, ipò tó ga jù, sí Aa1. Láàárín àkókò kan náà Trump ń lé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kúrò níṣẹ́, Maryland tó wà lẹ́bàá Washington sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fara gbá, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, akáúńtáǹtì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀.

Ìjà òun àti Trump ti wá di ojoojúmọ́. Ní August 2025 Trump ní òun lè kó ṣójà wọ Baltimore torí ìwà ọ̀daràn. Moore kọ̀wé sí i pé kó wá, káwọn jọ fẹsẹ̀ rin àdúgbò. Trump ò wá, ó ní gómìnà yìí ti yin òun rí pé òun lààrẹ tó dáa jù, níbi ìdíje bọ́ọ̀lù Army àti Navy ní December 2024, Moore ní kò sóhun tó jọ ọ́, fídíò tó jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé wọ́n kíra wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ ààrẹ tó dáa jù níbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ ni iye tí wọ́n ń pa. Lọ́dún 2022, àwọn tí wọ́n pa ní Baltimore ju 330 lọ. 2024, 201. 2025, 133, ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí irú ẹ̀ ti wáyé kẹ́yìn. Olórí ìlú náà Brandon Scott ló yẹ kó gba púpọ̀ nínú ìyìn yìí pẹ̀lú ètò tó fi ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ yìnbọn kan ara wọn kó tó dà bẹ́ẹ̀, owó àti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sì ràn án lọ́wọ́.

Àwọn tiẹ̀ náà ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ní May 2025 ó kọ̀ tí ò buwọ́ lu àbá òfin tó fẹ́ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fún àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú (reparations). Ó ní wọ́n ti wádìí tó, pé iṣẹ́ ló kù. Àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú gbà á sódì, gómìnà aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ní gbogbo Amẹ́ríkà! December, wọ́n fi ìbò borí ẹ̀, ó di òfin láìsí ọwọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi mí, mo rò pé ó jìn sí kòtò níbẹ̀, torí ìgbìmọ̀ lásán ni wọ́n béèrè, kì í ṣe owó.

Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ààlà àgbègbè ìdìbò. Lẹ́yìn tí Texas tún ààlà tiwọn yà kí Republican lè rí ìjókòó kún ìjókòó ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, tí California fèsì pẹ̀lú Proposition 50, àbá táwọn ará ìlú dìbò fún kí wọ́n lè tún ààlà tiwọn náà yà fún àǹfààní Democrat, wọ́n yíjú sí Maryland. Ìjókòó mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, Democrat ní méje, Andy Harris ti Eastern Shore nìkan ni Republican. November 2025 Moore gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ó fi Séńétọ̀ Angela Alsobrooks ṣe alága. Ẹni tó dúró lọ́nà kì í ṣe Republican, Bill Ferguson ni, ọmọ Democrat, ààrẹ ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ náà, ó ní ààlà tí wọ́n yà ní 2021, adájọ́ ti fà á ya ní 2022 pé ojúsàájú ẹ̀ ti pọ̀ jù, tí wọ́n bá tún gbé e wá, kóòtù lè yà á fún wọn, kí Democrat wá pàdánù ju ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ilé aṣòfin kejì gbà á wọlé ní February 2026, àmọ́ Ferguson ò gbé e wá síwájú àwọn séńétọ̀. Ọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọ ọkàn gbogbo Maryland, kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún ẹnì kan yìí kó fi gbà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Democrat ń bínú sí Ferguson, àmọ́ tèmi ni pé ẹ̀rù tó ń bà á nípa kóòtù kì í ṣe àwáwí.

Ìdìbò gómìnà máa wáyé ní November 3, 2026. Moore ti kéde láti September 2025 pé òun ń du sáà kejì, òfin Maryland ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè ju sáà méjì léraléra lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di citizen, tẹ́ ẹ sì ń gbé níbẹ̀, ẹ lọ wo orúkọ yín lórí ìwé olùdìbò kó tó pẹ́, kẹ́ ẹ sì bi gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, Moore àti ẹni yòówù tó bá bá a du ú, pé báwo lowó afárá ṣe máa jẹ́ tí Abuja wọn bá fà sẹ́yìn, ta ló máa san owó Blueprint, àti bóyá owó orí IT yẹn ń dúró. Tó bá wọlé, January 2031 ni sáà ẹ̀ máa parí, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ní wọ́n máa ṣí afárá tuntun náà.